IYÙN ÌGBÀANÌ ÀTI Ẹ̀RÍ TÍ Ó NJẸ́ NÍPA ILẸ̀ WA

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba ní ìlú Ọ̀yọ́, tí a sì tún sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́)

  Iyùn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ iyùn. A rí i ní ọrùn àti ní ọwọ́ ọba àti ìjòyè. A rí i lára ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ìyá wa nfi í pamọ́ sínú àpótí, nwọ́n sì nfi í sílẹ̀ fún ọmọ gẹ́gẹ́bí ogún. Nínú ìwé Jóbù pẹ̀lú, ní orí 28, a dárúkọ rẹ̀ láàrín àwọn ohun iyebíye tí a kò lè fi ra ọgbọ́n. Síbẹ̀, bí ọmọdé bá bi wá pé, Kíni iyùn? Òkúta ni, tàbí igi? púpọ̀ nínú wa ni yíò dákẹ́.

A ó pín ọ̀rọ̀ wa sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní, ohun tí iyùn jẹ́. Èkejì, oríṣiríṣi iyùn tí ó ti gbé nínú òkun kí ènìà tó dé inú aiyé. Ẹ̀kẹta, ohun tí iyùn tí ó ti di òkúta nsọ fún wa nípa ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀kẹrin, ewu tí ó wà lórí iyùn ìgbà tiwa, àti bí ewu náà ti kàn wá.

I. KÍNI IYÙN?

Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti njiyàn lórí ọ̀rọ̀ yi. Àwọn kan ní òkúta ni, nítorítí ó le. Àwọn míràn ní igi ni, nítorítí ó ní ẹ̀ka. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, Marsigli, ará Ítálì, fi iyùn titun sínú omi òkun, ó sì rí ohun kékeré funfun tí ó là lára rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òdòdó igi iyùn ni òn rí. Ṣùgbọ́n ní nkan bí ọdún 1725, oníṣègùn kan ará Faransé, Peyssonnel ni orúkọ rẹ̀, wo iyùn dáradára ní etí òkun Àríwá Áfríkà. Ó rí i pé ohun tí a npè ní òdòdó yi a máa ká ara rẹ̀ kò bí a bá fi ọwọ́ kàn án, a sì tún nà jáde nígbàtí ara bá rọ̀ ọ́. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Paris pé ẹ̀dá tí ó njẹun ni èyí, kì íṣe ewéko. Nwọn kò gbà á gbọ́. Ó ju ọdún 10 lọ kí nwọ́n tó gbà pé òtítọ́ ni ó sọ.

Ẹ̀dá iyùn jẹ́ ohun rírọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì tóbi ju orí ìka lọ. Ara rẹ̀ dàbí àpò kékeré. Ẹnu kan ṣoṣo ni ó ní, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí ẹnu náà ká, èyítí ó fi nmú oúnjẹ nínú omi. Kò ní ẹsẹ̀, kò sì lè kúrò níbi tí ó bá dúró sí. Láti inú omi òkun ni ó ti nyọ ẹfun, tí ó sì nfi í mọ ilé líle sí abẹ́ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́bí ìgbín ti nṣe ìkarahun tirẹ̀. Bí ó ti ndàgbà, a gbé ara rẹ̀ sókè, a sì mọ ilé titun lé ti ìṣáájú. Ọmọ a hù láti ara rẹ̀, ọmọ náà a sì mọ ilé tirẹ̀ mọ́ ti ìyá, tóbẹ́ẹ̀ tí ilé kan yíò di agbo ilé, agbo ilé yíò sì di ìlú. Nígbàtí àwọn tí ó kọ́ ọ bá kú, ilé wọn kì íwó. Àwọn ọmọ a tún kọ́ tiwọn lé e lórí. Ohun tí a so mọ́ ọrùn, nígbànáà, egungun ilé ni. Àwọn tí ó ngbé inú rẹ̀ ti kú.

Ẹ máṣe rò pé ohun kékeré ni irú ilé bẹ́ẹ̀ lè dà. Ní ọdún 1842, Charles Darwin, ará Ìlú Ọba, kọ̀wé pé àwọn erékùṣù olóbìrípo tí ó wà nínú òkun Pàsífíìkì jẹ́ iṣẹ́ iyùn: òkè oníná ni ó nrì díẹ̀díẹ̀ sínú òkun, iyùn sì nkọ́lé sókè bí òkè náà ti nrì, kí ó má bà sọ ìmọ́lẹ̀ nù. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1952, a gbẹ́ ihò sí erékùṣù Enewetak láti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ihò náà kọjá ju mítà 1,200 lọ nínú òkúta ẹfun, iṣẹ́ iyùn àti ti àwọn ẹ̀dá ẹfun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó tó kan òkúta iná nísàlẹ̀. Ohun tí ó fi ìdiwọ̀n ìka ga sókè ní ọdún kan ni ó kọ́ èyí.

Ó yẹ kí a ṣe ìyàtọ̀ kan níhìn-ín. Iyùn pupa tí a fi nṣe ìlẹ̀kẹ̀, inú òkun tí ó wà láàrín Yúróòpù àti Áfríkà ni a ti nwá a, ibi tí ó ṣókùnkùn ni ó sì nfẹ́. Àwọn oníṣòwò Potogí ni ó kọ́ gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá sí etí òkun wa, láti ọ̀rúndún karùndínlógún lọ. Ṣùgbọ́n iyùn tí ó nkọ́ òkìtì nlá-nlá, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó nfẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé irúgbìn wíwẹ́ tí ojú kò lè rí ngbé inú ẹran ara rẹ̀ bí àlejò nínú ilé. Irúgbìn yi nfi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ó sì nfún onílé nínú rẹ̀. Onílé nfún òn náà ní ààbò. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nítorínáà, irú iyùn yi kò lè gbé inú omi tútù, tàbí inú omi ẹlẹ́rẹ̀, tàbí ní ibi jíjìn tí oòrùn kò dé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì lántànà mú pè ní iyùn. Lántànà jẹ́ òkúta pupa gidi, èyítí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin, tí ìran wọn ti Ọ̀yọ́-Ilé wá, máa nlu tí nwọ́n sì máa ndán ní ìgbà àtijọ́. Bí a bá lọ àfọ́kù iyùn kúnná, tí a sì kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yíò hó; lántànà kò ní hó. Ẹfun ni èkíní, èkejì kì íṣe ẹfun. Ẹ rántí híhó yi, nítorí a ó tún padà bá a níwájú.

II. ÀWỌN ÌDÍLÉ IYÙN ÌGBÀANÌ

Iyùn tí ó wà nínú òkun lóni kọ́ ni ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìdílé nlá méjì ti wà ṣáájú rẹ̀, tí a kò lè rí láàyè mọ́ níbikíbi lórí ilẹ̀ aiyé.

Ìdílé kan jọ ìwo ẹran. Púpọ̀ nínú wọn ndá gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀ tí ó ní ṣónṣó nísàlẹ̀ tí ó sì fẹ̀ lókè, bí ìgbà tí a bá fi ìdí ìwo màlúù gúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìdílé kejì kì ídá gbé rárá. Ilé wọn jẹ́ ihò tóóró-tóóró tí ó fi ara ti ara. Nígbà míràn nwọ́n dàbí afárá oyin gan-an; nígbà míràn ihò wọn tò bí ẹ̀wọ̀n tí a fi ìjápọ̀ rọ. Bí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti ngòkè nínú ihò rẹ̀ ni ó ntẹ́ àjà sí abẹ́ ara rẹ̀, àjà lórí àjà, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Báwo ni a ṣe nmọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí iyùn ìgbà tiwa? Àwọn bàbá wa a máa fi ilà ojú mọ ọmọ ìlú. Ẹni tí ó kọ àbàjà mẹ́rin kì íṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó kọ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni iyùn ní ilà. Bí a bá gé ilé rẹ̀ ní ìbú, a ó rí ògiri pẹlẹbẹ tí nwọ́n ti etí wá sí àárín. Nínú iyùn abìwo ìgbàanì, ọ̀nà mẹ́rin ni ògiri titun ngbà wọlé bí ó ti ndàgbà. Nínú iyùn tí ó kọ́ òkìtì lóni, ní mẹ́fà-mẹ́fà ni nwọ́n nlọ. Ẹni tí ó bá mú àfọ́kù kékeré lọ́wọ́, tí ó sì mọ̀ ọ́n kà, lè sọ ìdílé tí ó ti wá.

Àwọn ìdílé méjì àkọ́kọ́ wọ̀nyí ti wà nínú òkun ní ohun tí ó lé ní mílíọ́nù 450 ọdún sẹ́hìn. Nwọ́n pọ̀ jùlọ ní ìgbà tí a npè ní ìgbà Dẹfóníà. Àpẹẹrẹ wọn wà nínú òkúta Mòrókò ní Áfríkà, àti ní ìwọ̀-oòrùn Australia, níbi tí òkìtì wọn ti dúró bí odi ìlú lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìparun dé bá wọn léraléra, ní ìgbẹ̀hìn, ní nkan bí mílíọ́nù 252 ọdún sẹ́hìn, nwọ́n run tán. Ní ìgbà náà, òkè iná tú jáde ní ilẹ̀ Siberia lọ́pọ̀lọpọ̀, afẹ́fẹ́ káábọ́nì kún ojú ọ̀run, òkun gbóná, omi rẹ̀ sì kan. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹ̀dá òkun ni ó kú. Ọ̀pọ̀ mílíọ́nù ọdún kọjá tí òkìtì iyùn kò sí nínú òkun, kí ìdílé kẹta, èyítí a ní lóni, tó yọ ní nkan bí mílíọ́nù 240 ọdún sẹ́hìn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun ìyanu kan nípa àwọn iyùn abìwo wọ̀nyí. Lára ilé wọn ni ilà tín-ín-tín wà, nítorí ẹfun tí iyùn ntò ní ọ̀sán kò rí bí ti òru. Ilà kan, ọjọ́ kan. Àwọn ilà tí ó nípọn sì wà pẹ̀lú tí nwọ́n nfi ọdún hàn, bí a ti nrí òrùka nínú igi gẹdú tí a gé. Ní ọdún 1963, John Wells, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ka àwọn ilà wọ̀nyí lára iyùn ìgbà Dẹfóníà, tí ó ti lé ní mílíọ́nù 380 ọdún. Kò bá 365 nínú ọdún kan. Nkan bí 400 ni ó bá. Èyí kò tako ohun tí àwọn tí nwo ìràwọ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀, pé ìfà òṣùpá lórí omi òkun nmú kí yíyí aiyé máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ iyùn náà, ọdún kò kúrú jù ti ìsisìyí lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ kúrú: wákàtí 22 ni ó tó ilẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ sì tún mọ́. Ẹ̀dá tí kò ní ojú, tí kò ní ọpọlọ, ti kọ ọjọ́ aiyé sílẹ̀, ìwé rẹ̀ kò sì parẹ́.

A mọ̀ pé àwọn ará kan yíò bi wá pé, Ṣé kì íṣe Ìkún-omi ọjọ́ Nóà ni ó kó gbogbo ohun wọ̀nyí sínú òkúta? A kò fi ìbéèrè náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọn ènìà ọlọ́gbọ́n ti bèrè rẹ̀ ṣáájú wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo iyùn fúnra rẹ̀. Ìṣàn omi lè gbé ìkarahun láti ibìkan dé ibòmíràn. Kò lè kọ́ òkìtì iyùn tí ó dúró lórí ìdí ara rẹ̀, ọmọ lórí ìyá, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìkún-omi ti Bíbélì ròhìn kò pẹ́ ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni iyùn kan ṣoṣo ka ilà ọ̀pọ̀ ọdún sí ara rẹ̀. A kò kọ Gẹ́nẹ́sísì láti kọ́ wa ní ìmọ̀ òkúta. Àwọn ọmọ wa nkọ́ ohun wọ̀nyí ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá sọ fún wọn nílé pé irọ́ ni, tí nwọ́n sì fi ojú ara wọn ka ilà náà, àwa ni nwọn kò ní gbàgbọ́ mọ́, kì íṣe òkúta.

III. OHUN TÍ IYÙN NSỌ NÍPA ILẸ̀ YORÙBÁ

Wàyí o, kíni èyí kàn ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́? Bí ẹ bá wa ilẹ̀ ìlú méjèèjì yi títí, ẹ kò ní rí iyùn kan tí ó di òkúta. Akọ òkúta ni ó wà ní abẹ́ wa, irú èyítí ó yọ orí jáde ní òkè Àdó-Àwáyè. Iná àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nínú ọ̀gbun ilẹ̀ ni ó ṣe é; ọjọ́ orí rẹ̀ ju mílíọ́nù 500 ọdún lọ. Kò sí ẹ̀dá tí ó lè fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ nínú irú ìléru bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà gúsù, a ó dé Ewékorò, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni òkúta ẹfun wà tí ó kún fún ẹ̀dá òkun: ìgbín omi, ìkarahun oníbejì, akàn, ẹ̀dá olóbìrípo ẹlẹ́gùn-ún, ewéko òkun tí ó ntò ẹfun, àti iyùn pẹ̀lú. Òkun wà ní nkan bí kilomítà 60 sí Ewékorò lóni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé nlá kan jáde ní ọdún 1977 lórí àwọn ẹ̀dá inú òkúta yi. Ìgbà tí a npè ní Paleosíìnì ni nwọ́n gbé láàyè, nkan bí mílíọ́nù 60 ọdún sẹ́hìn, lẹ́hìn ìparun tí ó pa àwọn ẹranko abàmì nlá-nlá run ní mílíọ́nù 66 ọdún sẹ́hìn.

Bí àgbẹ̀ ti nwo igi tí ó wà lórí ilẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ilẹ̀ náà lè gbà, bẹ́ẹ̀ ni a nfi ẹ̀dá mọ òkun tí kò sí mọ́. Ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ a fi omi tí ó rọlẹ̀ hàn, nítorí ìgbì nlá yíò ṣẹ́ ẹ. Òkìtì róbótó tí ó wúwo a fi ibi tí ìgbì ti nlù hàn. Iyùn pẹlẹbẹ tí ó tẹ́ bí àwo, ibi jíjìn ni ó wà, níbi tí ó ti nna ara rẹ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí ó kù. Ewéko àti iyùn Ewékorò sọ fún wa pé òkun tí ó wà níbẹ̀ kò jìn, pé ó gbóná, pé omi rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi dé ìsàlẹ̀, àti pé odò kò da ẹrẹ̀ púpọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ fi èyí wé etí òkun wa lóni. Odò Ọya àti àwọn odò míràn nkó ẹrẹ̀ wá, omi tútù sì nru sókè láti ìsàlẹ̀ ní ìgbà kan nínú ọdún. Nítorínáà ni kò fi sí òkìtì iyùn ní Èkó. Ẹni tí ó bá nfẹ́ rí iyùn láàyè ní ìhà wa yi yíò wọ ọkọ̀ dé erékùṣù São Tomé àti Príncipe, tàbí Cape Verde.

Ẹ jẹ́ kí a tún yíjú sí àríwá. Ní Kalambaina, lẹ́bàá ìlú Sókótó, òkúta ẹfun míràn wà tí ó kún fún ẹ̀dá òkun, ìgbà kan náà sì ni àti ti Ewékorò. Òkun kan ti ti Àríwá Áfríkà wọlé, ó kọjá ilẹ̀ Málì àti Niger, ó dé Sókótó. Ẹ rò ó wò: ní ọjọ́ náà òkun nbẹ ní gúsù wa, òkun sì nbẹ ní àríwá wa, ilẹ̀ tí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀dó sí lóni sì dúró ní gbígbẹ láàrín wọn. Òjò rọ̀ sórí àpáta wa, kò sì sí ojú ènìà kan tí ó rí i. Ohun tí ìtàn ẹnu àwọn bàbá wa kò lè sọ fún wa, nítorítí kò sí bàbá kan nígbànáà, ẹfun tí a wà nílẹ̀ ni ó sọ ọ́.

IV. EWU TÍ Ó WÀ LÓRÍ IYÙN ÌGBÀ TIWA

Láti ọdún 1960 ni a ti nfọ́ òkúta Ewékorò láti ṣe sìmẹ́ńtì. Ilé tí ó wà láàrín wa tí a fi sìmẹ́ńtì kọ́ kò lóǹkà. Ilé ìsìn, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn. A kò rí ẹ̀bi nínú rẹ̀, nítorí ènìà gbọ́dọ̀ ní ibi tí yíò fi orí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí a nṣe. Nígbàtí iyùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nkọ́lé, nwọ́n fi káábọ́nì pamọ́ sínú ẹfun. Nígbàtí a bá sun ẹfun náà nínú iná ìléru, káábọ́nì a tún jáde sínú afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní gbogbo aiyé ni ó nmú nkan bí ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 jáde nínú irú afẹ́fẹ́ yi tí ọwọ́ ènìà ntú sílẹ̀. Epo àti èédú tí a njó ni ó nmú èyí tí ó pọ̀ jùlọ jáde.

Afẹ́fẹ́ yi nmú kí aiyé gbóná. Apá kan rẹ̀ nwọ inú òkun, ó sì nmú kí omi rẹ̀ kan díẹ̀ síi. Ẹ rántí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Òkun kò ní kan tó ọsàn láéláé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n díẹ̀ ti tó láti mú kí iṣẹ́ iyùn nira. Bí omi bá sì gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, iyùn a lé irúgbìn tí ó wà nínú ara rẹ̀ jáde. Irúgbìn yi ni ó fún un ní àwọ̀. Nítorínáà iyùn a funfun bí egungun. Kò tíì kú nígbànáà, ṣùgbọ́n ebi ti nwọlé. Bí ooru kò bá sì tètè lọ, yíò kú.

Èyí ṣẹlẹ̀ káàkiri aiyé ní ọdún 1998, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2010, ó sì tún ṣẹlẹ̀ láti 2014 dé 2017. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tí nṣọ́ òkun kéde pé ìgbà kẹrin ti dé. Láàrín ọdún 2009 àti 2018 nìkan, nkan bí ìdá 14 nínú 100 iyùn òkìtì gbogbo aiyé ni ó sọnù. Òkìtì iyùn kò tó ìdá kan nínú 100 ìsàlẹ̀ òkun, bẹ́ẹ̀ ni nkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú ẹ̀dá òkun ni ó nfi í ṣe ilé tàbí ibi oúnjẹ. Ìparun rẹ̀ yíò jẹ́ ebi fún ọ̀pọ̀ apẹja, àti àìláàbò fún ọ̀pọ̀ ìlú tí òkìtì nbá wọn dí ìgbì lọ́nà.

Kíni iyùn ìgbàanì ní í sọ sí ọ̀ràn yi? Ohun méjì ni. Èkíní, ó sọ pé iyùn lè padà: lẹ́hìn ìparun nlá tí ó pa ìdílé méjì rẹ́, ìdílé kẹta dé. Ẹnití ó bá gbọ́ èyí nìkan lè lọ sùn. Ṣùgbọ́n èkejì ni pé ọ̀pọ̀ mílíọ́nù ọdún ni ó gbà, àwọn tí ó lọ kò sì padà mọ́ títí di òní. Ọmọ ènìà kò ní mílíọ́nù ọdún láti dúró dè é. Ohun tí òkè iná Siberia ṣe láìmọ̀, ẹ má jẹ́ kí àwa tí a ní ìmọ̀ ṣe é.

Ẹ̀nyin olùkọ́, a bẹ̀ nyin, ẹ wá àfọ́kù òkúta Ewékorò sínú ilé-ẹ̀kọ́ nyin, kí ọmọ fi ọwọ́ kàn án kí ó sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀nyin tí ẹ nkọ́lé, ẹ kọ́ ọ dáradára kí ó lè pẹ́, nítorí ilé tí ó wó láìtọ́jọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni a nsun ẹfun rẹ̀. Ẹ gbin igi, ẹ sì dín iná tí kò níláárí kù. Ẹ̀nyin ìyá, nígbàtí ẹ bá sì nfi iyùn sí ọmọ nyin lọ́rùn, ẹ sọ fún un pé ohun tí ó ti wà láàyè rí ni ó wọ̀, àti pé àwọn ará ilé rẹ̀ tí ó kù nínú òkun nwá omi tútù tí nwọn kò rí. Bí ọmọ náà bá bèrè ìdí rẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì dá a lóhùn.